Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Tí Ń Tún Jíìpù Àtijọ́ Ṣe

Ọmọ mi, jíìpù àtijọ́ kò níí kúrò ní títì Ìbàdàn láìpẹ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí bẹntiróòlù, tí náírà náà sì já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti ń múra àtipààrọ̀ ọkọ̀ ti padà sídìí èyí tí ó ní. Nissan Pathfinder, Toyota 4Runner, Land Cruiser àti Land Rover tí ó ti dàgbà ni wọ́n ń wọ́ wá bá wa ní Oníyanrìn níbí: èyí ń jò, èyí ń hó, èyí ń rú èéfín bo àdúgbò. Owó tí olówó ọkọ̀ fi rà á ti lọ. Èyí tí yóò fi tún un ṣe lè jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú iṣẹ́ yìí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tẹnu mọ́ nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ: rí ẹ̀rí kí o tó tú bóòtì. Ẹni tí ó bá ń tú kí ó tó mọ̀, owó olówó ló fi ń kọ́ṣẹ́.

1. Fọ ẹ́ńjìnnì kí o tó dá a lẹ́jọ́.

Jíìpù tí ó ti dàgbà a máa ru ìdọ̀tí ọdún pípẹ́: eruku ọ̀nà oko, ẹrẹ̀, ọ́ìlì àtijọ́ tí ó ti gbẹ mọ́ ọn lára. Bí o bá nawọ́ sí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ pé ibí ló ti ń jò, irọ́ lo ń pa, nítorí gbogbo ara rẹ̀ ló rin. Jẹ́ kí ó tutù. Fi ọ̀rá di ibi tí wáyà bá pọ̀ sí, fi kẹrosíìnì díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ha ìdọ̀tí náà, fi ọṣẹ àti omi ṣàn án, kí o sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ṣíná sí i lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ó gbóná dáadáa, pa á, kí o wá mú tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ rẹ̀.

Ọ́ìlì kì í dúró níbi tí ó ti jáde. Ó ń ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn fáànù sì ń fẹ́ ẹ lọ sẹ́yìn. Gásíkẹ́ẹ̀tì táápẹ́ẹ̀tì kọ́fà tí ó ti gbẹ lápá ẹ̀yìn yóò da ọ́ìlì sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì náà yóò gba ara gíábọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀, yóò sì máa kán níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti sọ pé síìlì ẹ̀yìn ló bàjẹ́. Mẹkáníìkì tí ń kánjú yóò ní kí wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Lórí jíìpù, gíábọ́ọ̀sì kò dá wà. Gíábọ́ọ̀sì kékeré tí ń pín agbára fún ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pá iwájú àti ọ̀pá ẹ̀yìn sì so mọ́ ọn. Wọn yóò ṣe gbogbo wàhálà yìí tán, wọn yóò gba owó rẹ̀, ọkọ̀ yóò sì tún máa jò, nítorí rọ́bà kan lókè tí ènìyàn lè pààrọ̀ láìwọ abẹ́ ọkọ̀ rárá.

Bí ojú kò bá tíì rí i, lo páúdà. Èyí tí wọ́n ń tà fún ọmọ ọwọ́ l'Ọ́jà'ba tó bẹ́ẹ̀. Bù ú fẹ́ ibi tí o fura sí lẹ́yìn tí ó bá ti gbẹ, wa ọkọ̀ náà dé Mọ́kọ́lá, padà wá wò ó. Láàárín gbogbo ibi tí páúdà bá ti rin, èyí tí ó ga jù lọ ni orísun.

2. Mọ ohun tí ń jò.

Bẹ olówó ọkọ̀ kí ó tẹ́ páálí tí ó mọ́ sábẹ́ rẹ̀ lálẹ́, kí ó sàmì síbi tí ẹsẹ̀ iwájú wà, kí ó sì mú páálí náà wá láàárọ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú, ọ́ìlì gíá ọtọmátíìkì pupa, ọ̀pọ̀ sítíárìn sì ń lo èyí tí ó pupa yẹn náà. Ọ́ìlì dífù nípọn, òórùn rẹ̀ a máa gún imú. Kúláǹtì lè ní àwọ̀ ewé tàbí kí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, a máa yọ̀ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ a sì máa dùn. Májèlé ni. Má tọ́ ọ wò, má sì fi í sílẹ̀ nínú abọ́ ní gbangba, nítorí ajá àti ewúrẹ́ a máa lá a. Ọ́ìlì bíréèkì mọ́, ó fúyẹ́, a sì máa bó ọ̀dà ara ọkọ̀. Bí o bá rí i lẹ́yìn táyà, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan.

Bí ó bá jẹ́ bẹntiróòlù ni, má dúró bèèrè ohunkóhun. Pa ọkọ̀, jẹ́ kí ó tutù, yọ wáyà bátìrì, ti ọkọ̀ náà jìnnà sí ẹni tí ń dín àkàrà lójúde.

Omi lásán tí ń kán lápá ibi tí èrò iwájú ń jókòó sí, lẹ́yìn tí wọ́n ti tan ẹ́síì, kì í ṣe àìsàn. Sọ bẹ́ẹ̀ fún olówó ọkọ̀, má sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

3. Bí Land Rover àtijọ́ bá wá bá ọ, wo ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ìwọ tí wọ́n bí láyé ọjọ́ òní lè má mọ̀ pé ìlú yìí ni wọ́n ti to Land Rover pọ̀ nígbà kan. Ní àkókò tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kí a máa to ọkọ̀ nílé, Peugeot lọ sí Kàdúná, Volkswagen lọ sí Èkó, Leyland wá sí Ìbàdàn. Land Rover fúnra rẹ̀ ti jáde láti ọdún 1948, ní ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam. Irin ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì nígbà náà, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi lè dára lójú nígbà tí ìpata ti jẹ ṣáásì abẹ́ rẹ̀ tán. Tẹ ṣáásì yẹn wò dáadáa kí o tó ti jáàkì bọ abẹ́ rẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò kékeré kan síbẹ̀. Bí ọ́ìlì dúdú bá ń kán nínú rẹ̀, tí o sì ti rí i pé kò ti òkè wá, síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni. Bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì gíá, síìlì iwájú gíábọ́ọ̀sì ni. Fi ìka kàn án, gbọ́ òórùn rẹ̀, ihò náà ti sọ fún ọ tán. Ó ní bóòtì tí wọ́n ń fi dí i bí ọkọ̀ bá fẹ́ la odò kọjá, wọn a sì yọ ọ́ bí wọ́n bá ti jáde. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù dí i pa kí olówó ọkọ̀ má baà rí ọ́ìlì nílẹ̀ mọ́. Ọ́ìlì náà kò dáwọ́ dúró, ibi kílọ́ọ̀ṣì ló gbà lọ, kílọ́ọ̀ṣì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí òkè.

Nídìí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ náà, irin roboto kan wà tí ń dán. Bí ìpata bá ti jẹ ojú irin náà ní ihò-ihò, síìlì tuntun tí o bá fi sí i yóò ya láàárín oṣù díẹ̀. Irin náà ni kí o pààrọ̀.

4. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí.

Ìmọ̀ràn yìí ni mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ń gbàgbé jù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ a máa sá kọjá lára rííǹgì písítìnì lọ sísàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì wà. Afẹ́fẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ọ̀nà rẹ̀ ni họ́ọ̀sì kékeré kan, lórí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ó sábà máa ń ní fáàfù tí wọ́n ń pè ní PCV. Bí ọ̀nà náà bá dí, afẹ́fẹ́ yóò ti ọ́ìlì gba ibikíbi tí síìlì bá ti rọ̀. Wàá pààrọ̀ síìlì iwájú, ti ẹ̀yìn yóò jò. Wàá pààrọ̀ ti ẹ̀yìn, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yóò máa fò sókè. Olówó ọkọ̀ yóò rò pé jìbìtì lo ń lù ú, bẹ́ẹ̀ fáàfù tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ló fa gbogbo rẹ̀. Yọ ọ́, mì ín létí. Bí kò bá dún wọ́rọ́wọ́rọ́, ó ti dí. Bí o bá fọ gbogbo ọ̀nà ìmí náà tán, tí èéfín ṣì ń tú jáde pẹ̀lú agbára níbi tí a ń da ọ́ìlì sí, rííǹgì ló ti jẹ, ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní ti síìlì.

Dífù iwájú àti tẹ̀yìn náà ní ihò ìmí. Bí ihò náà bá dí, tí dífù gbóná lójú ọ̀nà Ìwó, ọ́ìlì yóò sá gba síìlì ẹsẹ̀ jáde, yóò sì rin bíréèkì. Bí irú dífù bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sínú omi tútù, ó ń fa omi náà wọlé ni. Tú ọ́ìlì rẹ̀ wò: bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́.

5. Ọkọ̀ tí omi bò, má ṣíná sí i.

Ìbàdàn mọ ohun tí omi lè ṣe. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa ya bo ìlú, tí ó gba ẹ̀mí rẹpẹtẹ, tí ó sì gbá ilé àti ọkọ̀ lọ. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ni omíyalé tún ṣọṣẹ́ káàkiri ìlú yìí. Nítorí pé jíìpù ga, olówó rẹ̀ a máa rò pé ó lè la ibi gbogbo kọjá. Ẹnu tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ kò ga tó bí ọkọ̀ ṣe ga. Omi kò ṣeé fún pọ̀ nínú sílíńdà bí a ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, tí ẹnìkan sì ṣíná, ọ̀pá tí ó gbé písítìnì yóò tẹ̀. Tú gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì, tàbí nọ́sù bí ó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì, fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kí omi jáde, pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, wo ti gíábọ́ọ̀sì àti dífù méjèèjì. Ìgbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ tó kàn.

6. Ọkọ̀ tí ń gbóná: bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí owó rẹ̀ kéré.

Ọ̀nà kan kò wọjà. Ìdí tí ọkọ̀ fi ń gbóná pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹnu mẹkáníìkì a máa yára dé orí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Mo fẹ́ kí o tẹ̀lé e báyìí.

Ìdérí rédíétọ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Omi lásán a máa hó ní 100°C. Ìdérí tí ó lè di agbára 15 psi mú yóò sún híhó náà síwájú dé nǹkan bí 120°C. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti gé, omi yóò hó kí ó tó yẹ kí ó hó, yóò sì máa dànù. Ìdérí ni o rà yẹn, o kò ra ẹ́ńjìnnì. Má ṣí i nígbà tí ó bá gbóná, bí olówó ọkọ̀ tilẹ̀ ń kánjú. Omi tí ń tú jáde níbẹ̀ ń bó awọ ojú ènìyàn.

Thermostat, fáàfù tí ń ṣí ọ̀nà fún omi lọ sí rédíétọ̀, ló kàn. Àṣà tí ó gbilẹ̀ láàárín wa ni pé bí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò yọ ọ́ jù nù, wọ́n á ní oòrùn ilẹ̀ wa kò fẹ́ ẹ. Mo lòdì sí i pátápátá. Àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà fi í síbẹ̀ kí ó lè ṣí ní ìwọ̀n 82 sí 88°C, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná dé ibi tí ọ́ìlì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó ń jẹ epo jù, ó ń jẹ rííǹgì rẹ̀, ọ́ìlì rẹ̀ sì ń dọ̀tí kíákíá. Bí o bá fura sí i, so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná, wò ó bóyá yóò ṣí. Èyí tí kò bá ṣí, ra òmíràn fi dípò rẹ̀.

Fáànù wá kàn. Lórí ọ̀pọ̀ jíìpù, orí fáànù ní ọ́ìlì sílíkónì nínú, òun ló ń mú kí fáànù le nígbà tí ooru bá pọ̀. Ọkọ̀ tí kì í gbóná lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó, tí ó wá ń hó nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Bẹ́ẹ̀rẹ̀, fáànù rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ mú. Pa ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná, yọ kọ́kọ́rọ́, fi ọwọ́ yí fáànù: bí ó bá ń yí lọ láìsí ìdíwọ́, ọ́ìlì orí rẹ̀ ti tán. Wò ó bóyá ike ńlá tí ó yí fáànù ká ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti yọ tí wọn kò dá padà. Èyí tí ó ń gbóná lójú ọ̀nà gbọọrọ nígbà tí eré bá pọ̀, tí ara rẹ̀ sì tutù nínú ìlú, rédíétọ̀ rẹ̀ ló dí.

Omi kànga àti omi ẹ̀rọ tí a ń bù dà sínú rédíétọ̀ lọ́dọọdún ló ń dí i. Ó ń bí ìpata, ó sì ń jẹ tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù díẹ̀díẹ̀. Kúláǹtì tòótọ́ pẹ̀lú omi tí ó mọ́, ìdajì sí ìdajì, ni kí o lò. Olówó ọkọ̀ yóò ráhùn nítorí iye rẹ̀. Fi inú rédíétọ̀ tí ó ti jẹrà hàn án.

7. Tọ́ọ̀pù kì í wá sílẹ̀ láìsí ẹ̀rí.

Ẹ̀rí pé gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó kò ṣòro í rí. Láàárọ̀ kùtù, nígbà tí gbogbo rẹ̀ tutù, ṣí ìdérí rédíétọ̀, ṣíná: bí omi bá ń ho ìfófòó láìdáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ sílíńdà ti ń wọ inú omi. Bí họ́ọ̀sì òkè bá le gbandi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná, ẹ̀rí ni. Èéfín funfun tí kò tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi tí ń dín kù láìsí ibi tí ó ń kán sí, pọ́lọ́ọ̀gì kan tí ó mọ́ fínnífínní ju àwọn yòókù lọ, gbogbo wọn ni ẹ̀rí. Ọ̀rá funfun díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan kò tó. Ọkọ̀ tí kì í rìn ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ a máa ní i. Fi géèjì wọn agbára sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí méjì tí ó fara kan ara wọn bá rẹlẹ̀, àárín àwọn méjèèjì ni gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó.

Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí ó mọ àìsàn yìí. 3VZ-E lítà 3.0 tí ó wà nínú 4Runner àwọn ọdún 1988 sí 1995 jẹ́ ọ̀kan. Toyota fúnra rẹ̀ ṣètò pípààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà. Bí o bá sọ tọ́ọ̀pù kalẹ̀, fi irin títọ́ wò ó bóyá ó ti ká kò. Bí ó bá ti ká kò, gbé e lọ fún àwọn tí ń fi ẹ̀rọ ha á. Má fi gíràíńdà ha á. Sípánà tí ń ka agbára ni kí o fi de bóòtì rẹ̀, ní ètò tí ìwé ọkọ̀ náà là sílẹ̀. Apá rẹ kò lè ka Newton-mítà, bí ó ti wù kí ó le tó.

8. Pathfinder ọdún 2005 sí 2010: yára sí rédíétọ̀ rẹ̀.

Ìlú kún fún wọn, nítorí náà fetí sí mi. Nínú rédíétọ̀ ọkọ̀ yìí ni ọ́ìlì gíá ọtọmátíìkì ti ń tutù, nínú páìpù tí omi yí ká. Nígbà tí páìpù náà bá ya nínú, a kò níí rí ẹ̀kán kan nílẹ̀. Kúláǹtì wọ gíábọ́ọ̀sì, ọ́ìlì wọ omi, àwọn méjèèjì sì pò di ohun kan tí ó nípọn tí ó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Gíábọ́ọ̀sì náà yóò máa gbọ̀n ní nǹkan bí 60 sí 80 kìlómítà ní wákàtí kan, lẹ́yìn náà yóò kọ̀ láti fà. Nissan fi kún ọdún ìdánilójú rédíétọ̀ náà ní Amẹ́ríkà nígbà tí ẹjọ́ pọ̀. Ẹni tí ó ra tòkunbọ̀ ní Nàìjíríà kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí Pathfinder bá wá fún ọ́ìlì lásán, ṣí rédíétọ̀ wò, fa ọ̀pá ọ́ìlì gíá wò níbi tí ó bá ní. Sọ fún olówó rẹ̀ kí ó pààrọ̀ rédíétọ̀ náà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, tàbí kí o gbé ìtutù ọ́ìlì gíá sí ìta fún un, kí ọ́ìlì má gba inú rédíétọ̀ mọ́. Owó rédíétọ̀ kan kò sún mọ́ owó gíábọ́ọ̀sì rárá.

9. Wo èéfín.

Búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Bí ó bá rú búlúù nígbà tí o ṣíná láàárọ̀ tí ó sì dáwọ́ dúró, síìlì fáàfù ni. Bí ó bá ń rú u lórí òkè bí o ti ń tẹ̀ ẹ́, rííǹgì ni. Dúdú, epo ju afẹ́fẹ́ lọ: bẹ̀rẹ̀ láti orí fílítà afẹ́fẹ́. Funfun lórí dísẹ́ẹ̀lì tútù lè jẹ́ epo tí kò jó tán, kò fi dandan jẹ́ omi.

10. Síkáànì kì í ṣe ìdájọ́.

Ẹ̀rọ síkáànì dà bí ọmọdé tí ó sáré wọlé wá sọ pé ìjà wà lójúde: òótọ́ ni, ìjà wà, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ó fà á. Bí ó bá kọ P0300, ohun tí ó ń sọ ni pé sílíńdà kò jó bí ó ti yẹ. Ó lè jẹ́ pọ́lọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tí ń wọlé níbi họ́ọ̀sì tí ó ya, ó lè jẹ́ epo tí wọ́n fi nǹkan lú. Àwọn tí ń pààrọ̀ gbogbo sẹ́ńsọ̀ tí ẹ̀rọ bá dárúkọ ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kórìíra ọkọ̀ tí ó dára.

11. Gọ́ọ̀mù kì í ṣe oògùn.

Níbi tí wọ́n bá ti fi gásíkẹ́ẹ̀tì sí, gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí o fi padà. Gọ́ọ̀mù tí ó pọ̀ jù a máa já sínú, yóò lọ dí ẹnu tí pọ́ọ̀ǹpù fi ń fa ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì yóò sì nọ́ọ̀kì láìjò rárá. Bí o bá lọ ra ẹ̀yà ní Àràrọ̀mí, Agodi-Gate, mú ti àtijọ́ dání, fi méjèèjì wé ara wọn kí o tó sanwó. Síìlì tí ó ti wà nínú oòrùn ọdún mẹ́ta lórí tábìlì kò sàn ju èyí tí o yọ lọ: tẹ ẹ́, bí kò bá rọ̀, dá a padà.

Ọ́ìlì tí ń kán sórí bẹ́líìtì táímìnì kò ṣeé fi dọ̀la. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọ́ìlì a máa jẹ rọ́bà. Lórí Land Rover 300Tdi, bí bẹ́líìtì yẹn bá já, fáàfù àti ọ̀pá rẹ̀ lè tẹ̀. Lórí 4Runner 1996 sí 2002 tí ó ní V6 lítà 3.4, pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 145,000 kìlómítà. Bí o kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, ka á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí.

12. Gbé e gun òkè kí o tó dá a padà.

Ọkọ̀ tí ó dúró jẹ́ẹ́ nínú ìsọ̀ kò tíì jẹ́rìí. Gbé e gba Bẹ́ẹ̀rẹ̀ gun Òkè Màpó ní ọ̀sán gangan, sọ̀kalẹ̀ gba Bẹ́yẹrúnkà, dúró nínú èrò, wo géèjì ooru. Dán fọ́ọ̀ wíìlì rẹ̀ wò lórí ilẹ̀ yẹpẹ, má dán an wò lórí ọ̀dà gbígbẹ, àfi àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà nígbà gbogbo. Lórí ọ̀dà, ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn kì í yí ní ìwọ̀n kan náà nígbà tí a bá ń yà. Bí a bá dè wọ́n pọ̀, ohun kan lè já nínú gíábọ́ọ̀sì kékeré yẹn.

13. Bá olówó ọkọ̀ sọ òótọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

“Alhaji, ẹ má bínú, ohun tí a rí nìyí. Èyí ń fẹ́ àtúnṣe lónìí. Èyí lè dúró di oṣù tí ń bọ̀. Èyí, ẹ má náwó sí i rárá.” Sọ ọ́ báyẹn, kí o sì kó ẹ̀yà àtijọ́ tí o yọ lé e lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó bèèrè. Bí ṣáásì bá ti jẹrà kọjá jíjó, sọ fún un kí ó má tún ẹ́ńjìnnì ṣe mọ́, bí o tilẹ̀ mọ̀ pé owó iṣẹ́ rẹ ni ó ń lọ yẹn. Ẹni tí o bá sọ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ fún yóò mú ọkọ̀ rẹ̀ tí ó kàn wá bá ọ.

14. Ọ́ìlì tí o tú sílẹ̀, má dà á sí gọ́tà.

Gọ́tà wa ń ṣàn lọ sínú Ògùnpa, àwọn ènìyàn sì ń gbé létí omi yẹn títí dé ìsàlẹ̀ ìlú. Gba ọ́ìlì àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì, dé e, kó o pamọ́. Àwọn tí ń rà á wà, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà sì ń wá a láti fi kun igi nítorí ikán. Kúláǹtì àlòkù náà, má dà á sílẹ̀ níbi tí ẹran ọ̀sìn ń kọjá. Mo bẹ̀ ọ́, bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí o sì sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń kọ́ṣẹ́ ní Ìnálẹ̀ńdé àti Mọ́kọ́lá kí àwọn náà ra kẹ́ẹ̀gì tiwọn.